Èéfín Ẹja Wọ Yàrá Mi

Ẹ wá gbọ́ ohun tí oníṣẹ́ fi ojú mi rí lónìí!

Wọ́n ní òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe ní gbogbo Àkúrẹ́. Láàárọ̀ ló wá fi fáànù tó ń fa èéfín sí kíṣìnì mi, ó so páìpù ńlá mọ́ ọn.

Mo dín ẹja, kíṣìnì mọ́ kedere. Mo wọ yàrá, èéfín ti bo léèsì tí mo gbé kọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀la!

Mo pè é padà.

"Ọ̀gá, ibo lẹ gbé ẹnu páìpù yìí sí?"

"Inú àjà ni, Màmá. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri yín, mi ò fẹ́ lu ihò sí i."

"Inú àjà tó kọjá sórí yàrá mi kẹ̀?"

"Màmá, ṣé ẹ rí èéfín ní kíṣìnì?"

"Rárá."

"Ẹ ò wá rí i pé mo mọ iṣẹ́ mi?"



Ẹ̀yin tí ẹ máa jókòó tì mí lọ́la, ẹ mú gààrí dání. Ẹja wà lára aṣọ mi. Ta ló ń bọ̀?