Ìyẹ́ Àparò Tó Jábọ́ Fúnra Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, àparò ló máa ń jí wa lóko. Oko bàbá mi wà lọ́nà Ìsúndúnrin, ẹ ó ti kúrò ní Èjìgbò tipẹ́ kí ẹ tó débẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹyẹ wọ̀nyí ti ń ké nínú koríko. Ọ̀kan á ké níhìn-ín, èkejì á dá a lóhùn lọ́hùn-ún. Ìyá mi kì í rí oorun sùn, wọ́n á sì máa ṣépè fún àparò. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá mi kan náà ló padà sunkún nítorí rẹ̀.

A kì í jẹ àparò nílé wa. Wọ́n ní lásìkò ogun, baba ńlá wa sá wọ inú koríko, àwọn tó ń lé e sì dé ẹ̀gbẹ́ ibi tó sùn mọ́lẹ̀ sí. Àparò kan sàba lórí ẹyin nítòsí rẹ̀, kò sì fò. Àwọn jagunjagun ní bí èèyàn bá wà níbẹ̀ ni, ẹyẹ náà ìbá ti fò, ni wọ́n bá bá tiwọn lọ. Láti ìgbà náà, bí a bá bímọ, a ó wá ìyẹ́ àparò kan, a ó fi kan ọmọ náà ní àtẹ́lẹsẹ̀ kí á tó gbé e lọ sóko. Ìyẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó jábọ́ fúnra rẹ̀. Ti ẹyẹ tí wọ́n pa, èèwọ̀ ni. Àwọn ààfáà ilé wa kò bá a jà, wọ́n ní ọpẹ́ ni, kì í ṣe ẹbọ.

Nígbà tó yá, àparò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ìyá mi sì lóyún lákòókò náà. Ọmọ méjì ló ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn mi, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n gan-an, wọn kò fẹ́ kí ohunkóhun dín nínú ohun tí a máa ń ṣe fún ọmọ tó ń bọ̀. Bàbá mi fẹ́ràn ìyá mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn ará àtijọ́ kò mọ ìfẹ́. Bàbá mi búra pé kí ọmọ yẹn tó wáyé, ìyẹ́ á ti wà nílé.

Wọ́n wá ń wá ẹni tó ń jẹ àparò, wọ́n sì rí i lóòótọ́. Wọ́n bá àlégbà, alángbá ńlá inú igbó, nídìí ìtẹ́ tí ẹyin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n rí àwòdì tó gbé ọmọ àparò lọ. Wọ́n rí ìyẹ́ nínú ìgbẹ́ ẹtà. Ni bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn bá gbógun dìde. Wọ́n fi ṣakabùlà yin àwòdì, wọ́n dẹ tàkúté fún ẹtà. Ṣùgbọ́n àlégbà àti ejò ń sá pamọ́ sínú koríko, ọwọ́ kò tó wọn. Nígbà tí ọyẹ́ mú, tí koríko gbẹ, wọ́n ní iná ló máa lé wọn jáde.

Háà! Iná yẹn jó. Àwọn ọkùnrin dúró yíká pẹ̀lú kùmọ̀ àti ajá, ohun tí wọ́n pa kò kéré. Àwa ọmọdé ń jó, a ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí eérú tutù, ìyá bàbá mi wọ ibẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n tú etí ìró wọn síwájú bàbá mi. Ẹyin àparò ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti yan.

Wọ́n ní, "Ta ló jẹ ìwọ̀nyí?"

Ìyá wọn tún ní,

"Àlégbà a máa ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ìwọ ò ṣẹ́ nǹkan kan kù. O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá."

Ìyá mi bí ọkùnrin. A sọ ọ́ lórúkọ, a pa àgbò, ṣùgbọ́n kò sí ìyẹ́. Ìyá mi dúró sílé ní Èjìgbò pẹ̀lú ọmọ, wọn kò lè wá sóko, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá sín ni àyà wọn ń já. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i: eku tí àwòdì àti ejò ń jẹ tẹ́lẹ̀ wá pọ̀, wọ́n jẹ àgbàdo wa lórí ìdúró.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́bàá odò tí ìyá bàbá mi fi sílẹ̀ kó sinmi. Wọ́n ti ro etí rẹ̀ yíká, iná kò dé ibẹ̀. Wọ́n pe bàbá mi síbẹ̀, mo wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Ẹyẹ tó kù kò pọ̀ mọ́, a ò lè fi í ṣeré. Àlégbà tó bá wọ ibí, dẹ tàkúté fún un. Fi àwòdì sílẹ̀ kó máa jẹ eku. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣáná sí koríko yìí, èmi ló ṣáná sí."

Àbúrò mi ti ń rá kòrò kí àparò tó tún máa ké lẹ́bàá odò yẹn. Ìyá bàbá mi ló rí ìyẹ́ náà he. Nígbà tí wọ́n fi kan ọmọ lẹ́sẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ìyá mi sì bú sẹ́kún, àwọn náà tó máa ń ṣépè fún àparò tẹ́lẹ̀! Títí bàbá mi fi kú, wọ́n ní tàkúté ló mú àparò padà. Ìyá wọn ní koríko ni. Èmi rò ó títí, mo ní àwọn méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n tàkúté láìsí koríko, ta ló ń ṣọ́?

Ayé ti yí. Ilẹ̀ wo ló ń sinmi lónìí? Ẹ̀gẹ́ ni títí dé ìlú Ara, oògùn apakoríko ló ń ṣe iṣẹ́ ọkọ́. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin tó ti Àbíjàn dé ti bí ọmọbìnrin kan, kò sì rí ìyẹ́. Ó ní òun á fi májèlé sínú ẹran fún ẹtà. Mo ní kó mú mi lọ sóko rẹ̀. Oko náà mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo bi í níbo ni kí àparò sàba sí. Ó wò yíká, ó fi Faransé ti Àbíjàn ké, ó ní, "A bọ̀n! Màmá, ṣé èmi ni mo wá ń jẹ wọ́n ni?"

Ó ti fi igun kan sílẹ̀ báyìí, kò fín oògùn sí i. Ọmọbìnrin náà ti ń sáré kiri àgbàlá, kò tíì fẹsẹ̀ kan oko. Ní àárọ̀ àná, bàbá rẹ̀ pè mí láti oko. Ó kàn na fóònù síhà koríko tó fi sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Àparò ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀kan ké. Mo di fóònù mọ́ etí, mo ń retí kí èkejì dá a lóhùn.

Mo ṣì ń retí.