Aláwàdà Tó Ń Fi Ohùn Alága Sọ̀rọ̀
Kí aládùúgbò wa aláwàdà tó fi alága káńsù ṣẹ̀fẹ̀, á kọ́kọ́ ti ikùn síwájú, á wúkọ́. Ohùn alága gan-an ni yóò fi bá àwọn awakọ̀ tírélà tó tò sí èbúté Tin Can sọ̀rọ̀: “Ẹ fọkàn balẹ̀, títì ń bọ̀!” Wọn á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Alága kú lójijì. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ wá bá aláwàdà yìí ládùúgbò wa l'Ájégúnlẹ̀. Mo rò pé ìjà ló gbé wá.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn ọkọ mi pè mí. Ìyá Ìbejì ló máa ń pè mí.”

Aláwàdà ti ikùn síwájú. Ó wúkọ́, ó ní, “Ìyá Ìbejì.”

Obìnrin náà kúnlẹ̀ lójú gbogbo wa. “Ẹ káàbọ̀, Dádì.”