Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Méje Mutmainnah

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí Mutmainnah, oorun ló ń sùn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnká, n'Íbàdàn, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tó ń ròyìn orúnkún rẹ̀ fún un, ó sì ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́. Nígbà tí ìyá náà dìde, ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀. Mutmainnah kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀. Ọjọ́ kẹta ìsinmi rẹ̀ nìyẹn, ní ọdún méjì sẹ́yìn.

Iṣẹ́ àjọ aṣèrànwọ́ ló ń ṣe. Ní ìlà-oòrùn Chad, ní ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò ní Sudan, òun ló ń mójú tó omi: kí ọkọ̀ omi dé lásìkò, kí ẹ̀rọ má dákẹ́, kí ìlà àwọn tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá má dàrú. Abẹ́ àgọ́ ló ń gbé, iyanrìn a sì máa bá a jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ, àjọ náà á fún un ní ọjọ́ méje kó lọ sinmi. Etíkun ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń lọ. Wọ́n á sùn, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á kó ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún padà wá. Ilé ni Mutmainnah ń bọ̀ ní tirẹ̀.

Ilé ọ̀hún gan-an ni iṣẹ́ wà. Ní agbo ilé wọn, ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé gbọ́dọ̀ kí ojúlé kọ̀ọ̀kan, ojúlé méjìlélógún. Kì í ṣe kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ní ẹ kú ilé o. Yóò wọlé, yóò jókòó, yóò jẹ nǹkan, yóò gbọ́ nípa ẹni tó bímọ àti ẹni tó bá ìyàwó jà. Ojúlé tó bá fò yóò di ọ̀rọ̀. Bó bá sì parí ti ilé, àwọn àna ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Pópó Yemọja ń retí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà àjọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó wo ojú rẹ̀, ó ní: "Bí ẹ bá tún ti ibi ìsinmi dé pẹ̀lú irú àárẹ̀ yìí, ọ́fíìsì l'Ábújá ni mo máa ní kí wọ́n gbé yín lọ. Ẹ ò ní rí ibùdó mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà bà á lẹ́rù. Kí ló fẹ́ máa fi ọ́fíìsì ṣe? Ohun tó fẹ́ràn ni kó máa rí omi bó ṣe ń já sínú kẹ́ẹ̀gì ẹni tó ti ń rìn láti àárọ̀.

Ló bá dá ọgbọ́n kan fún ìsinmi tó kàn. Ó dé Ìbàdàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni nílé, ó wọ ilé Yéwándé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, ní Òkè Bọ́lá. Ó sùn odidi ọjọ́ kan. Nígbà tó jí lọ́jọ́ kejì, wàrà ló ń wù ú jẹ, wàrà tí wọ́n dín, tí wọ́n fi ata lé. Ó wọ híjáàbù, ó wọ ọkọ̀ Micra, ó di Bẹẹrẹ. Wàrà kò tíì dé ẹnu rẹ̀ tí ẹnìkan fi pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ṣé Chad ti wá sún mọ́ Bẹẹrẹ báyìí ni?"

Bọ̀ọ̀dá Àkíbù ni, àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń tún aago ṣe lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì.

"Ẹ káàsán, sà. Ilé ni mò ń bọ̀."

"Láti ibo? Pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀?" Mutmainnah jẹ́wọ́ pé Òkè Bọ́lá lòun sùn sí.

Kó tó rí ọkọ̀ míì wọ̀, fóònù ti gbé ìròyìn dé Bẹ́yẹrúnká. Nígbà tó fi délé, ìyá àgbà rẹ̀, Àlàájà Àṣàbí, ti kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Àgbà, ẹ káàsán, mà." Ó kúnlẹ̀.

"Ta nìyẹn? Ọmọ tèmi wà ní Chad. Kò tíì dé."

"Èmi ni, mà."

"Irọ́ ni. Àwẹ̀ró mi kì í dé Ìbàdàn kó lọ sá pamọ́ sí Òkè Bọ́lá bí ẹni tó jalè."

Mutmainnah sunkún díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ. Ìyá Àgbà yíjú padà, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀ tó ti jìn wọnú.

"Háà. O ò ṣe sọ fún wa? Ṣùgbọ́n wọn ò lè má kí ọ. Gbogbo ilé ti gbọ́. Bó o bá wọ yàrá lọ báyìí, wọ́n á ní àìsàn lo gbé dé."

Mutmainnah ronú. Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Ní ibùdó, kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló ń gba omi lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣé ojúlé méjìlélógún ló wá fẹ́ borí rẹ̀?

Ó ya bébà díẹ̀ nínú ìwé Jamilah, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà sí i, nọ́ńbà kan fún ojúlé kan, ó sì ní kí Jamilah pín in kiri. Ó ta okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ láti òpó kan dé èkejì, kí ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń lọ má baà kọlu ara wọn. Ó ní kí àwọn tó pọnmọ bọ́ síwájú. Bí wọ́n ṣe kírun Aláàsárì tán, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ wá kí òun níbẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé ráìsì ni wọ́n fẹ́ fún wa ni?" Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó ń dùn mọ́ wọn. Bọ̀ọ̀dá Àkíbù gba ẹ̀gbẹ́ yọ síwájú.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i!"

"Nọ́ńbà yín, sà?" Mutmainnah bi í.

"Mẹ́rìndínlógún."

"Ẹẹ́fà la wà. Ẹ padà sẹ́yìn okùn."

Ìyá Àgbà dúró tì í bí ọlọ́pàá. "Ìkíni nìkan! Ẹni tó bá ní ẹjọ́, kó gbé e lọ bá Mọ́gàjí!"

Àfi bí Mọ́gàjí fúnra rẹ̀ ṣe yọ. Òun ni olórí agbo ilé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, kò sì sẹ́ni tó rántí fún un ní nọ́ńbà. Gbogbo ìlà yà fún un. Ó wo okùn, ó wo ìlà.

"Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn ta ni kí n tò sí?"

Bó bá bínú, ètò tú nìyẹn. Ojúlé dé ojúlé ni Mutmainnah á tún máa rìn. Ó dìde, ó gbé àga tó dára jù lọ nínú ilé lọ bá a, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá, àwọn àgbà kì í tò níbi iṣẹ́ wa. Àwa la máa ń gbé omi lọ bá wọn níbi tí wọ́n bá jókòó sí. Èmi ni mo wá kí yín."

Mọ́gàjí jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Ó dáa. Kú àbọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀yin tó kù, ẹ ṣe kíá, ọmọ yìí fẹ́ sùn!"

Wọ́n parí kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbà. Bọ̀ọ̀dá Àkíbù nìkan ló pẹ́ nídìí tirẹ̀, nítorí ó ní láti tún ìtàn Bẹẹrẹ sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà ránṣẹ́ sí àwọn àna ní Pópó Yemọja pé ó di ìsinmi míì, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó gbé àpótí síwájú rẹ̀, ó jókòó lé e. Ọjọ́ tó kù ni Mutmainnah fi sùn, tó fi jẹ wàrà, tó fi jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀.

Nígbà tó padà, dókítà tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ sí ìwé pé kó máa lọ sí ibùdó. Ní báyìí, Mutmainnah wà ní Chad, ní ibùdó kan náà, òun sì ni olórí àwọn mẹ́rìnlá tó ń pín omi níbẹ̀.