Ilé Tí Wọ́n Ní Ká Máa Sá Sí

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti aránṣọ, nítorí náà mo mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ń lù ú. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, torí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Yàrá mi ni obìnrin yìí máa ń sá wá. Ó bẹ̀ mí títí mo fi búra pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ìbúra yẹn sì ń dùn mí dòní.

Àwọn olùwádìí wá dé láti yunifásítì. Wọ́n ní ìyà táwọn ọkọ fi ń jẹ ìyàwó làwọn fẹ́ wádìí, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ bi wá léèrè ọ̀rọ̀ káwọn sì bá tàwọn lọ. Àwa àtàwọn la jọ máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Wọ́n ní ká yan obìnrin kan àti ọkùnrin kan tá a fọkàn tán, tó máa ṣojú wa. Àwọn ará àdúgbò yan aránṣọ, torí àṣírí kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ta ni wọ́n wá yan láàárín àwọn ọkùnrin? Jẹ́jẹ́ náà ni.

Bí wọ́n bá bi aránṣọ ní nǹkan nípàdé, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lórí tábìlì ló máa kọ́kọ́ wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè ibi tí obìnrin tí wọ́n bá ń lù lè sá sí, gbogbo ènìyàn ní ilé Jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n nawọ́ sókè, aránṣọ náà na tirẹ̀. Èmi nìkan ni mo ká ọwọ́ mọ́ra, wọ́n ní ìlara ló ń dà mí láàmú.

Jẹ́jẹ́ kan ilẹ̀kùn tuntun tó le dáadáa, kí ọkọ oníbìínú kankan má bàa já a wọlé. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ní, àpò Jẹ́jẹ́ ló sì máa ń wà. Látìgbà náà, aránṣọ ò sá wá sọ́dọ̀ mi mọ́.

Obìnrin àkọ́kọ́ sá dé lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo lọ gba aṣọ mi lọ́wọ́ aránṣọ, ẹ̀wù rẹ̀ ti ya léjìká. Jẹ́jẹ́ fún un ní omi.

“Jókòó, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ọ́ níbí.”

Ó tilẹ̀kùn mọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní ká má bẹ̀rù, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Obìnrin náà nu ojú rẹ̀, ó wo aránṣọ. “Ẹ̀gbọ́n, orí yín mà dáa o.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Aránṣọ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ló wí. Ó fa apá ẹ̀wù rẹ̀ bo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó wú, ó ń rán ẹ̀wù obìnrin náà tó ya lọ. Inú ń bí mi, mo dìde kí n máa lọ sílé, mo sì rántí pé Jẹ́jẹ́ ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ.