Àpótí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló lé mi lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá lọ́jọ́ náà. Àwọn ará abúlé wa ń sọ kiri pé bàbá mi ti ń gbéra ga, pé wọn kì í dáhùn ìkíni mọ́. Bàbá mi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pàdé ewúrẹ́ lọ́nà, wọ́n lè béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀! Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun àárọ̀.

Ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi fi ń gbé àwọn obìnrin àti ẹ̀gẹ́ wọn sọdá omi dáàmù tó wà lẹ́yìn abúlé wa. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìlọta àtijọ́ ló wà láàárín rẹ̀, pákó ni wọ́n fi ṣe àpótí bò ó. Háà, ariwo! Èèyàn á dúró létí omi, á ké pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá ọlọ́kọ̀!" Bàbá mi á kàn máa wa ọkọ̀ wọn lọ. Mo ní tí a bá rí nǹkan tẹ́ sínú àpótí yẹn, ariwo á rọlẹ̀, bàbá mi á máa gbọ́ ìkíni, wọ́n á máa dáhùn, ẹlẹ́nu á sì pa ẹnu mọ́.

Ẹni tó ń ta fóòmù ní Ẹ̀gbẹ́dá ní fóòmù tìmùtìmù ló dáa jù. Mo ní kó ṣáná sí ègé kan kí n wò ó. Lójú ẹsẹ̀ ló yọ́, ó ń rùn, ó ń kán tótó.

Mo ní, "Sínú ọkọ̀ tí ìyá mi ń wọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó mi sí wàhálà!"

Ọkùnrin kan tó ń mọ ààrò búrẹ́dì ló gbà mí. Ó fún mi ní òwú aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń tẹ́ sára ààrò, tí iná kì í jó. Ó ní kí n fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kó má baà fa omi àti epo mu, kí n sì dá ihò sí i kí atẹ́gùn lè máa kan ẹ́ńjìnnì.

Èmi àti bàbá mi la jọ tẹ́ ẹ. Òwú náà yún wa bíi wèrèpè. Ìyá mi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ máa họra yín lọ! Ẹ ò ní bá mi sùn lórí ẹní kan náà lónìí." Bàbá mi wò wọ́n lẹ́nu, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé ọkọ̀ sójú omi. Ariwo rọlẹ̀ débi pé mò ń gbọ́ òfófó tí àwọn obìnrin ń ṣe lẹ́yìn. Mo gbọ́wọ́ lé àpótí, kò gbóná. Ó kù díẹ̀ kí n máa jó.

Obìnrin kan kí wa létí omi, ó dún ketekete: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá ọlọ́kọ̀!"

Bàbá mi ò dáhùn. Àpótí ni wọ́n ń wò, ojú wọn fà ro. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹ́ńjìnnì ti kú ni?"

Gbogbo wa là ń gbọ́ bó ṣe ń dún, àfi bàbá mi. Àánú bàbá mi ṣe mí, omi bọ́ lójú mi. Mo kọjú sí etí omi, mo fi gbogbo ohùn mi ké:

"Bàbá ń kí yín o! Wọ́n ní ilé ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ọmọ ńkọ́?"