Ìgbà Tó Di Igbá

Títí dòní, bí mo bá ti gbóòórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ọkàn mi á padà sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Ẹdẹ, níbi tí ẹgbẹ́ olórin wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà, ìlú sì le koko. Orí ìlà la ti ń ra ṣúgà àti ọṣẹ. Èmi ọmọ tíṣà wá gbé gìtá kọ́rùn, mo ní orin rọ́ọ̀kì àwọn òyìnbó, èyí tó máa ń gùn gbọọrọ tó sì ń yà síbí yà sọ́hùn-ún, ni mo fẹ́ máa kọ. Ẹ wo ìran o! Ẹni tí kò rí ṣúgà fi mu ògì.

Káfíńtà yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ gìtá béèsì tó ń ta nínú ẹgbẹ́ wa. Onílù wa wá láti agbo ilé àwọn Mùsùlùmí, orin wéré ìgbà ààwẹ̀ ló fi kọ́ ìlù. Akọrin wa jẹ́ ọmọbìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, òun náà ló sì kọ ọ̀rọ̀ orin wa àkọ́kọ́. Àwọn àgbà ní ìgbà kì í lọ bí òréré, kí ayé ó máa lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ibẹ̀ ló ti mú un: "Ìgbà ń yí padà." Èmi ni mo fi ohùn sí i, mo sì gbé e lọ sókè fíofío bíi ti inú àwo orin òyìnbó mi.

A gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní ìlú Awo. A ò tíì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ̀rín fi sọ. Bàbá kan níwájú ké pé, "Igbá ta ló ń yí padà? Ẹ tètè gbé e dúró, kí ọbẹ̀ má dànù!" Háà! Ojú gbà mí tì.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìgbà ni mo kọ síwèé, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di igbá. Ẹ jẹ́ kí orin máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀." Ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Káfíńtà fi gìtá tẹ̀lé e, ibi tó bá lọ sísàlẹ̀, òun náà á lọ. Nígbà tí onílù kà á, ẹsẹ̀ ìlù méje ló jẹ́, kì í ṣe mẹ́rin tí a ti ń lù tẹ́lẹ̀.

"Ẹ má tún un ṣe o," ni onílù wí. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe dùn."

Bí a ṣe rí ohùn wa nìyẹn. A kọ ọ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú láìdúró. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ó tún dùn mí pé kì í ṣe èmi ni mo rí i.

Kò pẹ́, ọkùnrin kan tó ń ṣe àwo orin ní Ìbàdàn wá gbọ́ wa. Ó ní ohùn bíi ti òyìnbó ló ń tà, kí ọkùnrin sì kọ ọ́. Mo lè kọ̀. Mi ò kọ̀. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé wọ́n ti sún ọjọ́ tí a máa lọ gba orin náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn síwájú. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún mi, Bọ̀ọ̀dá," ló wí, ó bá ìyá rẹ̀ lọ sóko ní ìlú Ara. Mo sọ fún àwọn méjì tó kù pé ara rẹ̀ ò yá. Ní Ìbàdàn, èmi ni mo kọrin, ohùn mi àtijọ́ ni mo sì fi kọ ọ́.

Nígbà tí àwo náà jáde tí òótọ́ hàn, káfíńtà ní kí n má wọ ṣọ́ọ̀bù òun mọ́. Ẹgbẹ́ tú ká. Ọmọbìnrin náà ò bú mi. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi lójú ọ̀nà, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Káfíńtà ti kú, n ò mọ ibi tí onílù wà. Lọ́dún tó kọjá, mo wá ọmọbìnrin náà lọ sílé. Òun náà ti di ìyá àgbà. Ó fún mi lómi tútù, ó béèrè àwọn ọmọ mi. Mo ní kó dárí jì mí.

"Mo ti gbàgbé tipẹ́, Bọ̀ọ̀dá."

Ara tù mí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi kọ orin yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí a ṣe kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mirí.

"Orin yẹn ni mo ní mo ti gbàgbé. Èyí tẹ́ ẹ ṣe, mo rántí."

Àwo náà ṣì wà nílé mi. Mo máa ń gbé e sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan á jáde, á lọ sókè fíofío, igbá ló sì ń pè.