Mo fọ ọkọ̀ láìdé ìdí kànga Àlhájà

Mo rò pé mo gbọ́n lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọṣẹ ìfọkọ̀ kan ránṣẹ́, èyí tí wọn kì í fi omi ṣàn. Ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì omi péré, ọkọ̀ mi ń dán.

Àfi bí Àlhájà ilé kejì ṣe yọ lẹ́nu géètì. Kànga wọn ni mo ti máa ń fa omi ìfọkọ̀ ní gbogbo Sátidé.

"Haba, Táíwò! Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò sí o, mà. Mi ò nílò omi lónìí ni."

"Ṣé torí omi nìkan lo ṣe ń wá kí mi?"

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tẹ̀lé wọn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta lẹ ò kí mọ́ láti ìgbà tẹ́ ẹ ti gbẹ́ kànga tiyín?